Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Òrìṣà

  

Àwọn kan nínú yín bi mí ní ìpàdé tó kọjá pé, "Bàbá, àbúrò yín tó lọ gba ìtọ́jú ńkọ́?" Mo ní ara rẹ̀ ti yá, mo sì yára yí ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lónìí, mo fẹ́ sọ ìyókù, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ògógóró ni àbúrò mi ń mu. Tí a bá bá a wí, á ní ẹmu ni èèwọ̀ àwa ọmọ Ọbàtálá, pé ògógóró kì í ṣe ẹmu. Ta ni kò mọ̀ pé ẹmu náà ni wọ́n ń sè tó fi ń di ògógóró? Nígbà tó fi máa tó ọdún mẹ́fà, kò lè ṣe ohunkóhun láàárọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá òrìṣà, ó gbé ààjà ìyá wa, èyí tí ìyá tiwọn fi lé wọn lọ́wọ́, ó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó fi owó rẹ̀ mutí tán lọ́jọ́ náà.

Kí ni àwa ṣe? A ní ayé ló ń ṣe é. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ la ẹnu sọ pé láti ìgbà tó ti fẹ́ ìyàwó yìí ni nǹkan ti bàjẹ́. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. A kò tilẹ̀ dáfá. Ẹnu ara wa ni a fi dá a.

Ẹ rántí Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ojú àwọn ènìyàn ń fọ́, wọ́n sì ń kú lójijì. Kíá, àwọn kan ti ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, methanol, májèlé inú ọtí, ni wọ́n bá níbẹ̀. Òrìṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nígbà tí a gbé àbúrò mi dé ilé ìwòsàn, dókítà kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, a kì í já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì nínú ilé. Gìrì bíi ti wárápá lè gbé e, ó sì lè kú. Oògùn wà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ti ọmọ yín mọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. A bọ orí rẹ̀, a rúbọ, ó sì lo oògùn rẹ̀ pé. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ó ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí tí kò fẹnu kàn án. A rò pé tí ọtí bá ti lọ, ilé á tò fúnra rẹ̀. Irọ́ ni o.

Ọjọ́ kẹta tó dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òrìṣà bíi ti tẹ́lẹ̀." Mo ní rárá. Ó ní ṣé mi ò tíì dárí ji òun ni. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Olódùmarè gbé àpò ìwà fún Ọbàtálá, ẹmu pa á lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gbé àpò náà lọ dá ilẹ̀ sí Ifẹ̀. Ibi tí a máa ń dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Olódùmarè kò lé Ọbàtálá dànù. Ó gbé iṣẹ́ ńlá mìíràn fún un, pé kó máa mọ ara ọmọ ènìyàn. Kò sì gba àpò ìwà padà lọ́wọ́ Odùduwà fún un. Ìdáríjì lọ́tọ̀, àpò lọ́tọ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn. Mo ní, "Máa gbálẹ̀ iwájú ojúbọ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Tìrẹ nìyẹn ná." Ó dákẹ́. Láti ìgbà náà, kò tíì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ló fi ń ránṣọ báyìí, ó sì ń kó owó díẹ̀ fún ìyàwó mi lóṣooṣù, kí a lè fi rọ ààjà tuntun.

Àwa náà yí ìwà padà. Tí a bá ń bọ Ògún, tí ife ọtí bá ń lọ yíká, omi tútù ni a ń gbé fún un láti fi wúre. A ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé, "Kàn tọ́ ọ wò."

Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, máa ń sá pamọ́ tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò fipá pè é. Ọjọ́ tó bá ní òun á lọ kí wọn ló ń lọ, àkókò tó bá dá ló ń dé ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ náà mú aṣọ iléèwé rẹ̀ tó ya wá, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó rán an.

Ó wá ku tèmi. Mo lọ sílé àna wa, mo sọ níwájú bàbá ìyàwó pé, "Mo purọ́ mọ́ ọmọ yín. Ọtí ni, kì í ṣe òun." Ìyàwó wa wò mí títí, ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bi í léèrè ọjọ́ tó máa padà. Bí mo ṣe ní kí àbúrò mi dúró de kọ́kọ́rọ́, èmi náà ń dúró.

Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé, ẹ wá iṣẹ́ tí ó lè máa ṣe, kékeré ni o, kí ó rí ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì wo ẹnu tiyín wò pẹ̀lú.

Kí Ọbàtálá bá wa tún ilé wa ṣe. Àṣẹ. Ó di ìgbà mìíràn o.