Ẹni Tó Tẹ Bíréèkì Ni Kí Wọ́n Bi

Ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2010 ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bíréèkì Toyota Prius ti ọdún náà. Ẹ̀sùn 124 ló ti wà nílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, láti ọwọ́ àwọn tó ni ọkọ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ lójú pópó lọ́hùn-ún. Ohùn wọn jọra púpọ̀. Awakọ̀ ń rọra bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, táyà já sínú kòtò tàbí ó gun orí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì tú ọkọ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó tún gbá a mú. Mẹ́rin nínú wọn ní ọkọ̀ ti torí ẹ̀ kọlu nǹkan.

Prius kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn lè fojú di. Ọdún 1997 ni Toyota kọ́kọ́ gbé e jáde ní Japan, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2009, kò sí ọkọ̀ tó tà tó o ní ilẹ̀ náà. Àwọn gbajúmọ̀ òṣèré Hollywood pàápàá ti fi ṣe fáàrí dé ibi ayẹyẹ Oscar. Ọkọ̀ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n kà á sí, èyí tí kì í mu epo nímukúmu. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún àwọn kan láti gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe tàbí-ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró.

Ọgbọ́n orí rẹ̀ gan-an ló kó bá a. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àti mọ́tò iná ló jọ ń gbé ọkọ̀ háíbríìdì bíi Prius rìn. Bí awakọ̀ bá rọra tẹ bíréèkì, páàdì kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mọ́tò iná yóò di jẹnẹrétọ̀, táyà ni yóò máa yí i, agbára eré tí ọkọ̀ ń sá yóò sì di iná tí bátìrì ń gbà sára. Bí eré ṣe ń di iná ni ọkọ̀ ń dẹ̀rọ̀. Èrè rẹ̀ pọ̀: epo ò tètè tán, páàdì náà sì ń pẹ́ kó tó jẹ. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ta kọ́ọ́kọ́ nínú kòtò, tàbí tí ilẹ̀ ń yọ̀, ABS gbọ́dọ̀ dá sí i kí táyà má baà gan. Lójú ẹsẹ̀, bíréèkì onípáàdì, èyí tí ọ́ìlì ń tì, ní láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò iná. Àárín gbà-fún-mi yìí ni àlàfo wà, bí ìgbà tí èèyàn méjì gbé ẹrù, tí ẹnì kan jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹnì kejì tó dì í mú. Kọ̀ǹpútà ló ń darí gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ni wọn ò sì kọ́ dáadáa tó.

Àlàfo náà kéré, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń sọdá ò nílò tó bẹ́ẹ̀ láti kó sábẹ́ rẹ̀.

Kí ni Toyota kọ́kọ́ sọ? Wọ́n ní bó ṣe ń rí lẹ́sẹ̀ awakọ̀ ni, pé bí èèyàn bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ yóò dúró. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ní láti tẹ ohun tó ti ń tẹ̀ láti ìgbà yìí mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Èyí tó ń bí ni nínú jù ni pé láti oṣù kìíní ọdún náà ni Toyota ti tún ètò kọ̀ǹpútà bíréèkì náà ṣe fún àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ wọn. Wọn ò wí nǹkan kan fún àwọn tó ti ra tiwọn. Ẹni tí kò tíì sanwó gba ọkọ̀ tó dára, ẹni tó ti sanwó wà nínú òkùnkùn. Mínísítà ètò ìrìnnà Japan nígbà náà, Seiji Maehara, ò fi bò rárá: ó ní ilé iṣẹ́ náà ò fi ojú oníbàárà wo ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kejì, àwíjàre tán. Toyota pe nǹkan bí ọkọ̀ 437,000 padà kárí ayé, Prius àti àwọn háíbríìdì mìíràn tó ń lo bíréèkì kan náà, títí kan Lexus HS250h. Èyí tó ju ìlàjì lọ nínú wọn wà ní Japan fúnra rẹ̀. Àtúnṣe náà ò la irin kankan lọ. Ètò tuntun ni wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà ABS, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń wakọ̀ rẹ̀ lọ sílé láìná kọ́bọ̀.

Ford gba ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ tí Amẹ́ríkà kéde ìwádìí yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ náà sọ fún àwọn tó ni Fusion àti Mercury Milan oní-háíbríìdì, nǹkan bí ọkọ̀ 17,600, pé kí wọ́n gbé e wá kí àwọn bá wọn tún ètò bíréèkì rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi gbà-fún-mi yẹn náà ló ń yọ àwọn yẹn lẹ́nu.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Gbogbo ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ọkọ̀ kọ́ ló ń jàre. Ní oṣù kẹta ọdún 2010 yẹn, Prius kan forí sọ ògiri òkúta ní Harrison, ìpínlẹ̀ New York, ariwo sì sọ pé ọkọ̀ ló dá eré sá. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti kan bíréèkì. Ẹ̀sùn kan, ẹ̀rí lásán ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń sọ nǹkan kan náà nípa kòtò kan náà, ẹni tó bá ṣì ń sọ pé ẹsẹ̀ wọn ni kò mọ nǹkan, òun gan-an ni kí wọ́n wádìí.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Toyota tún pe 242,000 háíbríìdì padà. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tó ń tọ́jú agbára ọ́ìlì bíréèkì ló lè sán, kí gáàsì inú rẹ̀ jò wọ inú ọ́ìlì, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ wá máa rì lọ sísàlẹ̀ kí bíréèkì tó mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà nítorí pé ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà bá lò tán ló ń di tòkunbọ̀ níbí, yálà ó gba Kútọnu wọlé ni àbí Àpápá. Lẹ́tà ìpèpadà kì í bá a wọ ọkọ̀ ojú omi. Àdírẹ́sì ẹni tó ni ín lọ́hùn-ún ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, ẹni yẹn sì ti tà á tipẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kò yani lẹ́nu bí èèyàn bá ń wá ọkọ̀ tí kò ní jẹ ẹ́ lówó epo, àwọn kòtò wa ò sì kéré sí tẹnikẹ́ni.

Láti ọdún 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ṣírò owó orí ọkọ̀ tó ń wọlé. Nọ́ńbà kan náà ló ń fi hàn bóyá ìpèpadà kan wà lórí ọkọ̀ tí wọn ò tíì tún ṣe. Bí wọ́n bá lè fi í gba owó, wọ́n lè fi í kìlọ̀ fún ẹni tó ń sanwó. Kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ mọ́ ìwé ọkọ̀ kó tó kúrò ní pọ́ọ̀tù. Àjọ FCCPC, tí òfin fi ọ̀rọ̀ oníbàárà sí lọ́wọ́, ló yẹ kó béèrè fún un.

Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra háíbríìdì láti Amẹ́ríkà, ẹ da VIN rẹ̀ kọ kí ẹ tó sanwó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17, ó wà ní abẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa tiyín, bí bíréèkì bá ṣe iyèméjì lórí kòtò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e tọ mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kì í ṣe ẹni tí yóò kàn pààrọ̀ páàdì.