Kókó Tí Kì í Dun Ni

Ìyá kan tí ń ṣe pùpúrú ní Erinje, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ló kọ̀wé sí wa. Ó ní kókó kan yọ sí òun nítan, kò ju ẹyin adìẹ lọ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti tó ọsàn ńlá báyìí. Kò dun òun rárá. Àwọn kan ní ọ̀rá lásán ni, olóògùn kan sì ti ní òun yóò là á.

Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí abẹ ẹnikẹ́ni kàn án. Lóòótọ́, ọ̀rá lásán ni ọ̀pọ̀ kókó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ń tóbi sí i, tí ó ju íǹṣì 2 lọ, tàbí tí ó fìdí múlẹ̀ nínú ẹran, lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹran ara tí àwọn dókítà ń pè ní sarcoma. Àìdùn rẹ̀ gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá là á láìmọ ohun tí ó jẹ́, ó lè fọ́n ká inú ẹran tó yí i ká.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn. Wọn ó kọ́kọ́ ya àwòrán itan náà, wọn ó sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ yín. Láyé àtijọ́, gígé náà ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, Dókítà Steven Rosenberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn 43 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí apá àwọn 16. Ti àwọn 27, kókó nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi ìtànṣán sí ojú ibẹ̀. Gbogbo wọn ló gba oògùn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1982, ìwọ̀n àwọn tó wà láàyè lápá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. N kò ní fi pamọ́ fún yín pé àrùn náà padà sí ojú kan náà lára 4 nínú àwọn 27.

Iṣẹ́ abẹ ṣì ni olórí. Ìtànṣán, tí ojú kì í rí, a máa ṣáájú rẹ̀, nígbà púpọ̀ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 5, tàbí kí ó tẹ̀lé e. Oògùn tí ń gba iṣan wọlé, bíi doxorubicin, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń fi lépa èyí tó lè ti sá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Irun a máa re, a sì máa hù padà. Ẹni tó wà lẹ́nu oògùn yìí ní àyè láti má gba ààwẹ̀.

Bí ojú bá ń tì yín láti ṣí itan fún dókítà ọkùnrin, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín, tàbí kí baba àwọn ọmọ bá yín wọlé. Kí ẹ sì tó wọkọ̀ lọ gba ìtànṣán, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àti iye owó rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò yẹn, ẹ dì í mọ́ra bí owó ọjà.