Òyìnbó méjì gba ẹ̀bùn lórí ìbejì Igbó-Ọrà, àwọn bàbá onífọ́tò wa ńkọ́?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ ilẹ̀ Ìbàràpá yóò rí àpáta ńláńlá tó jókòó sínú pápá bí àgbààgbà tó ń ṣèpàdé. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku pupa á ti kun mọ́tò látòkè délẹ̀ kí èèyàn tó fojú kan pátákó tó ń kí i káàbọ̀ sí Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Iṣẹ́ fọ́tò níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àlọ-dé. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán gidi ní láti sùn síbẹ̀, torí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ojú aláwọ̀ dúdú yọ dáadáa nínú fọ́tò. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, bílẹ̀ bá ti mọ́ tán, ìyá ìbejì ti gba ọjà lọ, bàbá ti gba oko.

Ìlú yìí làwọn obìnrin òyìnbó méjì kan gbé kámẹ́rà wọn wá lọ́dún 2018. Bénédicte Kurzen lorúkọ ọ̀kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Sanne de Wilde ni èkejì, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹgbẹ́ onífọ́tò kan náà tó ń jẹ́ NOOR làwọn méjèèjì wà. Àbẹ́ ò rí nǹkan, méjì ló ń ya méjì! Wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ bojú kámẹ́rà, wọ́n gbé àwòrán kan lé òmíì lórí, débi tí ẹni tó ń wò ó ò fi ní mọ ibi tí Táyé parí sí tí Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò sì fi mọ sí ibi tí wọ́n ti ń jó fún ìbejì, ó kan àwọn ibi tí wọ́n ti kà wọ́n sí èèmọ̀ náà. Ta ni ò gbọ́ ìtàn Mary Slessor, tó dé Calabar ní 1876, tó ń gba ìbejì là? Kí ọmọ Yorùbá má sì rò pé ìtàn ẹlòmíì lásán nìyẹn o, àwọn òpìtàn sọ pé ilẹ̀ Yorùbá náà ti kórìíra ìbejì rí kó tó di pé wọ́n ń gbé wọn gẹ̀gẹ̀.

Nígbà tó di 2019, iṣẹ́ náà, tí wọ́n pè ní Land of Ibeji, gba ipò kìíní nínú ìdíje World Press Photo, ní ẹ̀ka àwòrán ojú èèyàn tó ń sọ ìtàn. Ẹni tó bá rí àwọn àwòrán náà ò ní jiyàn, wọ́n ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí onífọ́tò máa fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ sọ ẹnìkan di méjì, tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn, àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe é látọjọ́ tó ti pẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n wá gba ẹ̀bùn.

Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, rí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé African Arts lọ́dún 1978. Bó ṣe ń lọ rèé. Wọ́n bí ìbejì, ọ̀kan kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn. Láyé àtijọ́, ère ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún èyí tó kú, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa wọṣọ fún un, á máa fún un lóúnjẹ. Nígbà tó yá, bàbá ti di alájì, ìyá ti di onígbàgbọ́, wọn ò fẹ́ kí wọ́n bá ère nínú ilé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbàgbé ọmọ? Wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, á yà á lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá wọ yàrá òkùnkùn, á fi páálí bo ìdajì bébà, á tẹ ọmọ náà sí ìdajì kejì. Á yí páálí padà, á tún fi nẹ́gẹ́tíìfù kan náà tẹ̀ ẹ́. Tí bébà bá jáde nínú omi, ọmọ méjì ló jókòó, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Èyí tó bá mọṣẹ́ nínú wọn á pa ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé rẹ́.

Tó bá jẹ́ takọ-tabo ńkọ́? Wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ aṣọ èkejì rẹ̀ tó ti lọ fún un, wọ́n á tún yà á. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ìyá ń rò nígbà tó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù yẹn.

Ìbejì sábà máa ń kéré, wọ́n sì máa ń tètè dé ju oṣù wọn lọ, ìdí nìyẹn tí ikú ìkókó fi ń mú wọn ju àwọn ọmọ yòókù. Ìwádìí Nylander, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi hàn pé nínú ìbímọ 1,000 lápá ibí yìí, ìbejì tó 45 sí 50. Nǹkan bíi 12 ni ti òyìnbó. (Ọbẹ̀ ìlasa ni, àwọn ará Igbó-Ọrà á sọ, àwọn onímọ̀ ní àwọn ò tíì rí ẹ̀rí.) Ní ilẹ̀ tó rí báyìí, yóò ṣòro kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ má wà lára ògiri pálọ̀ láti Ẹrúwà títí dé Igàngán.

Nẹ́gẹ́tíìfù wọn wá dà? Wéètì-ǹ-gẹ́ẹ̀tì dé, fóònù tún dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tì pa. Bàbá kú, àwọn ọmọ fẹ́ fi yàrá háyà, wọ́n kó páálí síta, òjò rọ̀ sí i. Ti Solomon Osagie Alonge, tó ń ya fọ́tò láàfin Ọba Benin, ò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1994, ní 2014 ni Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Malick Sidibé ní Bamako tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀ sínú páálí, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2007. Páálí lásán ni o, tẹ́nìkan ò dà nù!

Ọdún 2018 yẹn kan náà ni Igbó-Ọrà bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì, tí tọmọdé tàgbà ń wọ ankárá kan náà jó káàkiri. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pa àgọ́ kan síbẹ̀, kí ẹni tó bá ní irú fọ́tò àtijọ́ yẹn gbé e wá, kí wọ́n tún un yà, kí wọ́n kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n yà ní 1975 ti lé ní 50 ọdún. Ìyá tó wọṣọ fún un lè má sí mọ́. Òun nìkan ló kù tó lè fi ìka tọ́ka sí i pé, “Èmi nìyí. Eléyìí, èmi kọ́, Kẹ́hìndé ni.”