Aṣọ tó ń dán kọ́ ni idán

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera pàdé lójú kan náà. Ọ̀rọ̀ aṣọ ìkélé ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní rìdó. Kì í ṣe ti ojú fèrèsé o. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń pidán máa ń ta sẹ́yìn ara wọn níbi ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ àti níbi ọdún Kérésì ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ kan, onídán ta aṣọ àrán pupa kan tó ń kọ mànà. Ó wù wá lójú. Owó tó yá ló fi rà á, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Iná mànàmáná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bá tan àbẹ́là sẹ́yìn aṣọ kí ọmọ tó ń bá a gbé ẹrù lè ríran. Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́, aṣọ lu àbẹ́là. Ká tó pariwo, iná ti gun aṣọ dókè. Aṣọ ọ̀hún ò di eérú, ńṣe ló ń yọ́, tó ń kán tótó. Ó kán sí ọmọ náà lápá. Ọmọ yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àpá ò lọ. Gbèsè aṣọ náà sì wà lọ́rùn onídán.

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi pamọ́: aṣọ tó ń dán kọ́ ni idán. Ohun mẹ́ta péré ni kí onídán wá lára aṣọ ìkélé. Kó bo ohun tó yẹ kó bò, kó wúwo tó láti dúró nínú afẹ́fẹ́, kó má sì jẹ́ ẹran iná.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí aṣọ ò bá dán, ta ni yóò wò wá?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwọn alárìnjó ayé àtijọ́. Ojú agbo gbangba ni wọ́n ti ń pidán, èrò yí wọn ká. Agọ̀ tí wọ́n wọ̀ náà ni wọ́n ń yí padà di ọ̀nì, di erè. Wọn ò ní ìkélé mìíràn. Ẹ rántí Professor Peller náà, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí lọ́dún 1941, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Lady Peller, jọ ń pidán kí wọ́n tó pa á l'Ékòó lọ́dún 1997. Títí dòní, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ rìdó rẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ rà? Aṣọ dúdú, olówùú, tó nípọn. Kíjìpá tí wọ́n rẹ sí aró títí tó fi dúdú dára púpọ̀. Bí kò bá sí kíjìpá, ẹ wá aṣọ ibùsùn àlòkù tó nípọn, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí erukuru má bàa kó sí yín láyà, kí ẹ sì gbé e fún aláró. Nítorí kí ni mo ṣe ní dúdú? Bí aṣọ ẹ̀yìn bá dúdú kirikiri, tí ìmọ́lẹ̀ ò sì kàn án, ohun dúdú tó bá wà níwájú rẹ̀, ojú òǹwòran ò ní rí i. Ẹ má bínú, ẹ̀yin onídán, mi ò tú àṣírí yín. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Max Auzinger, ará Jámánì, ti fi ọgbọ́n yìí ṣeré. Aṣọ tó ń dán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé ńṣe ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Bí ẹ bá dé ọjà Glazoué lọ́jọ́rú, ẹ na aṣọ sókè síwájú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìka yín láti ẹ̀yìn, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ká ní ojú ìtàgé yín fẹ̀ tó mítà 3, tó sì ga tó mítà 2 ààbọ̀ dín díẹ̀. Aṣọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ojú ìtàgé lọ ní ìdajì rẹ̀, kó lè ṣẹ́ po dáadáa. Bí aṣọ ọjà bá fẹ̀ tó mítà 1.15, ẹ gé e sọ́nà mẹ́rin, mítà 2.5 ní gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mítà 10 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣírò yìí, mítà 15 ni yóò rà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o.

Igi tí ẹ ó fi ta á ńkọ́? Ọparun tó. Ẹ gé òpó kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹ fi páìpù irin kúkúrú so ó pọ̀ láàárín, kó lè ṣeé tú, kó sì ṣeé dì sẹ́yìn zẹ́mì. Nílùú òkè mọ́kànlélógójì yìí, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹni àfojúdi, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ rọ yanrìn sínú àpò, kí ẹ gbé méjì-méjì lé ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn fà á sẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ tèmi lórí iná. Ọ̀pọ̀ àrán tó wà lọ́jà báyìí, ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún. Ẹ ní kí aláṣọ gé díẹ̀ fún yín. Ẹ bọ́ síta, ẹ gbé korobá omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá rùn bí bébà, tó di eérú, òwú ni. Bó bá yọ́, tó ń kán, ẹ sá fún un. Òwú náà ń jó o, ẹ má tàn ara yín jẹ, ṣùgbọ́n kì í yọ́ lẹ̀ mọ́ ara. Nítorí náà, kò sí àbẹ́là lẹ́yìn ìkélé rárá. Iná tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Àtùpà tó ń gbóná, kó jìnnà sí aṣọ ju mítà kan lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá, ìta gbangba ni, kó jìnnà sí àwọn èèyàn. Èéfín rẹ̀ ń pani.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1911, ní Edinburgh lórílẹ̀-èdè Scotland, onídán olókìkí kan tí wọ́n ń pè ní The Great Lafayette ń ṣeré. Àtùpà ran ohun ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Àwọn òǹwòran jáde láàyè, torí pé wọ́n já ìkélé tí iná kì í ràn sílẹ̀ láàárín àwọn àti ìtàgé. Lafayette àti àwọn bíi mẹ́wàá tó ń bá a ṣiṣẹ́ kú sẹ́yìn ìkélé náà. Ẹ ṣàkíyèsí: ẹ̀yìn aṣọ ni ikú wà, níbi tí ọmọ agbẹ́rù máa ń wà.

Bí iná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á ya. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń pe onídán, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Kí ẹ tó san owó fún un, ẹ lọ wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin onídán, ẹ má yáwó ra ohun tó ń dán. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra tọ́ọ̀ṣì méjì àti korobá omi méjì sẹ́yìn ìkélé. Ọmọ tó wà níbẹ̀, ọmọ ẹnì kan ni.