Òǹkọ̀wé ò lè jẹ PDF

Kò sí oṣù tẹ́nìkan ò ní gbé e sórí Facebook pé àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ Ìjàpá mọ́, Spider-Man ni wọ́n mọ̀. Gbogbo wa á kédàárò, a á sì pín in káàkiri. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé kan yọjú sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kó ní òun ti kọ ìwé tuntun fún ọmọdé, ìtàn iwin, àǹjọ̀nnú àti ẹja tó ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi í rèé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé PDF ẹ̀ wà?"

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀.

Ẹni tó ń kọ irú ìwé yìí, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀, òun ni òǹkọ̀wé, òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́, òun náà ni alábàárù. Owó ti ń jáde lápò rẹ̀ kí ìwé tó dé. Ayàwòrán kì í dúró kí ìwé tà kó tó gbowó, kò sì yẹ kó dúró, òun náà ń jẹun. Lẹ́yìn náà ló kan Ṣómólú, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí l'Ékòó. Ìwé ọmọdé gbọ́dọ̀ ní àwòrán aláràbarà, bébà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, òkè òkun sì ni èyí tó dáa nínú bébà ti ń wá. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí wọ́n bá dá lé e lọ́jọ́ Ajé lè ti yí padà kó tó dọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀rọ ńlá ò sì mọ ìwé díẹ̀. Pléètì mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán aláràbarà, iye kan náà sì ni wọ́n ń ṣe é, yálà ẹ tẹ 200 tàbí 2,000. Tẹ́ ẹ bá tẹ díẹ̀, ẹyọ ìwé kan á wọ́n ju ohun tí ìyá ọmọ fẹ́ san. Tẹ́ ẹ bá tẹ púpọ̀, ó máa dínwó, àmọ́ owó yín ti wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Ti Yorùbá tún ní wàhálà tiẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà nílò àmì ohùn. Fọ́ǹtì tó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà ayàwòrán lè má gba àmì náà. Tí fáìlì bá dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àmì á ti fò lọ. Ọkọ̀ tí iwin jí gbé á wá di ọkọ tí iwin jí gbé. Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín o, ẹni tó ti tẹ 1,000 ẹ̀dà ò lè bá yín rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí wọn ò gbé e fáwọn ilé iṣẹ́ ńlá? Ìwé tí ilé ìwé máa rà níyẹn ń wá, ìwé ìṣirò, ìwé gírámà. Mi ò bá wọn wí, ibẹ̀ lowó wà. Fágúnwà rí CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ rẹ̀ jáde ní 1938, ilé ìwé sì gbà á wọlé. Ta ló ń gbà wọ́n wọlé báyìí? Flora Nwapa ò tiẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Heinemann ní London ló tẹ Efuru rẹ̀ jáde ní 1966, síbẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1970, ó dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tiẹ̀ sílẹ̀ ní Enugu. Mammywater, ìwé ọmọdé tó kọ lórí òrìṣà odò, jáde ní 1979.

Òmìnira yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ìyà míì tó ń jẹ wọ́n ni ti àwa òbí. Bàbá kan á rí iwin lẹ́yìn ìwé, á ní òun ò fẹ́ ẹ̀mí òkùnkùn nínú ilé òun. Ọmọ kan náà ti ka Harry Potter tán, oṣó àti àjẹ́ ló sì ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀ Sátidé. Ṣé iwin tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló ti rígbàlà ni?

Ẹ wá wo PDF yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnìkan fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé, ó jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé ṣì jókòó ti páálí rẹ̀, apá kejì ìtàn náà ò ní jáde, torí èyí tó ń bẹ nílẹ̀ ni ì bá fowó rẹ̀ tẹ òmíràn. Ọmọ yín á máa bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹja yẹn.

Ohun tó ń gbà wọ́n ni owó tó bá wọlé kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọ́n bá kéde pé ìwé ń bọ̀, ẹ san tiyín sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀, ẹ dín kéèkì kù, ẹ fi ìwé kún un. Ẹ̀yin ilé ìwé aládàáni tẹ́ ẹ máa ń ní káwọn ọmọ múra bí ẹni inú ìwé lọ́jọ́ World Book Day, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá kó kàwé fáwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì ra ogójì ẹ̀dà fún kíláàsì kan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sanwó. Ẹ má sọ pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bọ́sáà ò sí nílé.