Ẹni Tó Ń Fi Èkúté Ṣẹ̀sín, Ara Ọmọ Tiẹ̀ Ló Ń Fi Ṣẹ̀sín

Níbi ìpàdé àwọn onílé kan ní Ìgándò ni ọkùnrin kan ti dìde, tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ àdúgbò kan tí fòníkú-fọ̀la-dìde tún dá gúnlẹ̀ là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni mo bá ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń rí ọ̀nà àbáyọ, pé ara èkúté ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló kan èmi àti ìrù eku? Kí wọ́n kó owó ìwádìí yẹn wá, ká fi tún ọ̀nà Ìkòtún ṣe." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: àìmọ̀kan ló ń bá a jà, àwọn tó pàtẹ́wọ́ ló sì ń tì í lẹ́yìn.

Ìrù eku tó dárúkọ yẹn gan-an ni màá mú. Láti ọdún 1950 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú èkúté kan wà tí ìrù rẹ̀ kúrú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé jíìnì kan tó ń jẹ́ Rpl38 ló bàjẹ́ lára rẹ̀. Purotéènì tó ń ti ara jíìnì yìí wá jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan bí 80 tó wà nínú ráíbósóòmù, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe gbogbo purotéènì tí ara ń lò. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ráíbósóòmù dà bíi máṣíìnì ìránṣọ: aṣọ tí wọ́n bá gbé fún un ló ń rán, kì í ṣàṣàyàn. Lọ́dún 2011, Maria Barna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn nínú ìwé ìròyìn Cell pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọlẹ̀ èkúté tí Rpl38 rẹ̀ kò pé, purotéènì lápapọ̀ kò dín kù. Àwọn kan péré ni kò tó mọ́, ìyẹn díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Hox. Hox ló ń sọ ibi tí eegun kọ̀ọ̀kan yóò hù sí látọrùn dé ìdí. Bí wọn kò ṣe tó, eegun ìhà hù níbi tí kò yẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, irú Hox bẹ́ẹ̀ náà ló to eegun ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Jíìnì ráíbósóòmù mìíràn ni Rps19. Lọ́dún 1999 ni wọ́n rí i pé bí ẹ̀dà kan jíìnì yìí bá bàjẹ́ lára èèyàn, ó lè fa àìsàn Diamond-Blackfan, tí eegun ọmọ ọwọ́ kò fi ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tó. Èkúté tí ẹ̀dà méjèèjì bàjẹ́ lára rẹ̀ máa ń kú kó tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí tí wọ́n dín Rps19 rẹ̀ kù, àìtó ẹ̀jẹ̀ ló mú un. Ta ló fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi wádìí irú èyí?

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìkòtún yẹn. Ọ̀nà náà bàjẹ́, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n owó èkúté wo ló dá a dúró? Ìjọba wo ló kó owó ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alímọ̀ṣọ́, fún eku? Ọkùnrin yìí kò lè dárúkọ ọ̀kan. Kò bínú sí kọńtírákítọ̀ tó gbowó tó sá lọ, kò bínú sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé owó náà. Eku tí wọ́n ń sìn lókè òkun ló rí bínú sí! Mo ti pàdé irú rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan bi wá pé kí la fẹ́ fi máíkírósíkópù ṣe, ló bá sọ yàrá bàọ́lọ́jì di ibi tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí. Inú mi kò tíì yọ́ sí i títí dòní. Àwọn tó mọ̀wé jù nínú wa kò fojú rí sẹ́ẹ̀lì rí kí wọ́n tó jáde níbẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé lónìí.

Fòníkú-fọ̀la-dìde tó fa ọ̀rọ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe èkúté tó ní jíìnì èèyàn tó ń fa àrùn náà. Lọ́dún 2011, Stuart Orkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston pa jíìnì BCL11A lẹ́nu mọ́ lára irú èkúté bẹ́ẹ̀, àrùn sì kásẹ̀ ńlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú Casgevy fún èèyàn, BCL11A yẹn náà ló sì ń dojú kọ. Iye rẹ̀ fún ẹnì kan nígbà náà jẹ́ $2,200,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ alárùn yìí tó tiwa. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà nínú iṣẹ́ ìwádìí jíìnì tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó jáde lọ́dún 2005, gbogbo ayé ló lò ó. A fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a ò kọ́ ilé ìwádìí tó pọ̀ tó, ọjà la wá ń bẹ̀ kí wọ́n bá wa dín owó rẹ̀.

Àìmọ̀kan ni, mo tún un sọ. Bí àwọn tó ń wá ìbò bá tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù àti Ìkòtún, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún yàrá ìwádìí jíìnì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU). Èyí tó bá fi rẹ́rìn-ín nínú wọn, ẹ má dìbò fún un.