Orin Asake àti fránkì 25 tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé kí ló kan tíṣà nínú ọ̀rọ̀ Asake. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí kí ẹ tó bú mi.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá ní kó dìde ka ewì Faransé tí mo ní kí wọ́n há sórí, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, gbólóhùn méjì kò ní jáde. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri. Òun ni. Ó ń kọ orin Asake láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbè é. Mo pè é, mo bi í bóyá ó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ẹnà ìgboro Èkó tí èmi gan-an kò gbọ́ rí. Mo padà sí kíláàsì, mò ń ronú. Orí ọmọ yìí pé. Èdè tí mo fi ń dán an wò ni kò tíì di tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí signal. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, igi pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, òun náà á sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́, kó lè gbé e fún un. Ẹni tí igi náà bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo bá dún, ẹgba ló máa jẹ. Mo jẹ ẹgba yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo ṣe irú rẹ̀. Mi ò lo igi, owó ni mo ń gbà: fránkì 25 fún gbólóhùn Yorùbá kan. Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo pé orin ìgbà yìí ti ba ọmọ jẹ́. Ẹ wo Asake. Ahmed Ololade lorúkọ rẹ̀, eré orí ìtàgé ló kọ́ ní yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀. Ó gbé Mr. Money With The Vibe jáde ní 2022, Work of Art ní 2023, Lungu Boy ní 2024. Orin tí òun àti Olamide jọ kọ, Amapiano, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Grammy ti 2024. Yorùbá ló ń kọ káàkiri ayé, kò sì sí ẹni tó gbé igi kọ́ ọ lọ́rùn. Bí ẹ bá fetí sí ègbè orin rẹ̀, bí ohùn púpọ̀ ṣe ń dá a lóhùn, ẹ ó mọ ilé tó ti jáde. Fújì ni, èyí tí Síkírù Àyìndé Barrister mú jáde látinú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Kásẹ́ẹ̀tì Barrister pọ̀ nílé bàbá mi. Ohun tí ọmọ yẹn ń gbọ́ nínú fóònù kò jìnnà sí ohun tí bàbá mi ń gbọ́ lórí àga rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Mo ní kí àwọn ọmọ yan méjì nínú orin rẹ̀, kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sórí pátákó, kí a kà á láìsí ìlù. Ọ̀kan dúró bí ewì: àdúrà wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù òṣì wà nínú rẹ̀. Èkejì fọ́nká. Owó, obìnrin, owó, fàájì. Bí ìlù ti lọ, ó tán.

Ẹ fi wé òru Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu. Kí àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde jó lójú ọ̀sán, Ẹlẹ́fẹ̀ á ti dúró lóru, á ti sọ fún ìlú ohun tí ìlú kò fẹ́ gbọ́: ẹni tó jalè, ẹni tó purọ́, àgbà tó ṣe ohun tí kò yẹ àgbà. Bí ẹ bá yọ ìlù kúrò lára orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ó sì jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, ti Nàìjíríà àti ti Tógò. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn orin nìyẹn: yọ ìlù kúrò, kí o wò bóyá ọ̀rọ̀ kù.

Nígbà tí mo sọ fún kíláàsì pé Kútọnu ni wọ́n bí Ayra Starr sí ní 2002, ariwo sọ. Wọ́n mọ Rush lórí, wọn ò mọ̀ pé ibi tí ẹ̀gbọ́n wọn ń gun zemidjan lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ti bí ẹni tó kọ ọ́. Mo gbọ́ àwo rẹ̀ méjèèjì, 19 & Dangerous ti 2021 àti The Year I Turned 21 ti 2024. Ohùn rẹ̀ dára, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to orin. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú rẹ̀ dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ẹni tí dókítà ní kó yé jẹ iyọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa fi í yangàn, ó tọ́ sí wa. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí kọ́ ló ń gbé èdè sí i lẹ́nu. Àwọn ìyá ló ń ṣe ìyẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ ìyá, ní oṣù kọkànlá 2024 ni Wizkid gbé àwo Morayo jáde. Orúkọ ìyá rẹ̀ tó kú ní 2023 ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Fàájì àti ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀, mi ò sì bá a jà, bí kálukú ṣe ń ṣọ̀fọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2014, ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, ti ṣe àwo kan tó fi orúkọ ìyá tirẹ̀ pè, Èvé. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní Kenya àti níbí ní Bẹ̀nẹ̀, ó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn. Àwo náà gba Grammy ní 2015. Gbogbo wa la rí àwòrán ẹ̀bùn náà. Mélòó nínú wa ló gbọ́ orin inú rẹ̀? Mo bèèrè láàárín àwa olùkọ́, ẹnì kan péré ló nawọ́. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwo tí mo dárúkọ níbí, òun ló dára jù, òun náà la sì gbàgbé jù.

Kidjo ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ẹ ka orúkọ àwọn àwo rẹ̀ míì: Ayé ní 1994, Oremi ní 1998, Oyaya! ní 2004, Õÿö ní 2010. Yorùbá ni gbogbo wọn, wọ́n sì wà lórí àtẹ nílẹ̀ òyìnbó nígbà tí Yorùbá ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Mo kọ èyí tó kẹ́yìn sórí pátákó bó ṣe wà lára àwo. Àwọn àmì orí rẹ̀ kì í ṣe àmì ohùn tiwa, ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Mo bi àwọn ọmọ pé báwo ló ṣe yẹ ká kọ ọ́. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ tó ń gbọ̀n níwájú ewì Faransé ló súfèé rẹ̀ jáde, ó ní, "Dò, mí." Ọ̀yọ́. Ó gbà á.

Orin Yorùbá kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ lórí Kidjo. Gnonnas Pedro, ẹni tí wọ́n bí ní Lokossa ní 1943, tó kọ salsa pẹ̀lú Africando kó tó kú ní 2004, kọ Fẹ̀sọ̀ Jayé ní Yorùbá. Lokossa kì í ṣe ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ó rí i pé èdè wa dùn lórí gìtá. Zeynab náà pe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìtorí Ọlọ́run. Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ìkankan rí nínú àwọn yìí. Ta ló yẹ kó fi hàn wọ́n, bí kò ṣe àwa?

Èyí tó yí ọkàn mi padà ni ti Aṣa. Paris ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ní 2008, àwọn Faransé fún un ní Prix Constantin. Mo gbọ́ ìròyìn náà nígbà yẹn, inú mi sì dùn bí ẹni pé àbúrò mi ni. Ó pẹ́ kí n tó so ó pọ̀: ní 2008 yẹn kan náà, èmi wà níwájú pátákó, mò ń gba fránkì 25 lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ohun tí Paris ń pàtẹ́wọ́ fún ni mò ń fi jẹ ọmọ níyà, nítorí kí ó lè gbọ́ èdè Paris.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ orin yìí, ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Mètírù, Yorùbá Èkó ló jẹ́ Yorùbá gidi. Tiwa ti bàjẹ́." Àwọn yòókù ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. A yọ igi Faransé kúrò lọ́rùn wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé òmíràn kọ́. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Gbogbo Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ nínú orin tí wọ́n fẹ́ràn, ti Èkó ni. Ti ìyá àgbà wọn kò sí nínú fóònù kankan.

Mo wá fún wọn níṣẹ́ ṣe: kí kálukú gba orin kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn gan-an ló mú orin ìrẹmọ wá, ohùn ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nítorí bí màmá náà ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, ẹ̀rín ti tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí èmi fúnra mi kò mọ̀, mo ní láti lọ bi àwọn àgbà. Kò sí ìlù nínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ló kún un bámúbámú.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọrin ní Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára Asake, ṣùgbọ́n ẹ má yá ahọ́n rẹ̀ lò. Ẹ kọrin bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, bí ọmọ bá gbé fóònù wá pé kí ẹ kọrin, ẹ má lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi, ẹ fún wọn láyè díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Èmi ò gba fránkì 25 mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà náà bá ń ka èyí, àgbà ni ẹ jẹ́ báyìí, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ẹ sì máa bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ nílé.